Àwọ̀ tí Màmá Edith Dárúkọ

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ẹ wá jókòó síbí. Ohun tí mo rí lónìí nígbà tí à ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ rí mi lára, bí n kò bá sì sọ ọ́ jáde, ìrẹsì tí ìyá yín gbé kalẹ̀ yìí kò ní í gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá.

Bísí, ìwọ ni mo ń bá wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi lọ̀rọ̀ kàn. A dúró de bọ́ọ̀sì ní Stockport Road. Òdòdó kan yọ láàárín bíríkì ògiri tó wà lẹ́yìn wa, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹni pé wọ́n po osùn mọ́ wàrà. Mo ní kí ni wọ́n ń pe èyí. O fa fóònù yọ, o nà án sí i, fóònù dárúkọ rẹ̀, o sì kà á sí mi létí. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé, mo tún bi ọ́. O ní, "Grandma, I dunno, it's just like a pinky one, innit." A kò tíì bọ́ bàtà, orúkọ ti jábọ́ sínú bọ́ọ̀sì. Fóònù ló mọ̀ ọ́n, ìwọ kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́nu yín, gbogbo ohun tó hù ti di plant, gbogbo ohun tó fò ti di bird. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ń gbọ́ elésè àlùkò, ẹ ń ṣe àmín, kò sì sí ẹni tó bi mí rí pé kí ni àlùkò. Ẹyẹ ni. Àwọ̀ ìyẹ́ ẹyẹ lẹ ń ṣe àmín sí.

Fireweed ni Màmá Edith máa ń pe òdòdó orí ògiri yẹn. Ó ní ibi tí iná bá ti jó ló máa ń kọ́kọ́ hù. Láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́ fún mi ni n kò ti gbàgbé, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ kò mọ Màmá Edith. N kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín rí, ìdí rẹ̀ sì wà, ẹ óò gbọ́ ọ láìpẹ́.

Nígbà tí Bísí ṣì wà ní primary school, tí orúnkún mi kò tíì máa dùn mí, iṣẹ́ carer ni mo ń ṣe. Agency ló rán mi lọ sí Dobcross, abúlé olókùúta kan lórí òkè, níbi tí àwọn ahunṣọ gbé láyé àtijọ́. Ẹni tó ní mọ́tò ni ibẹ̀ wà fún, ṣùgbọ́n èmi a máa wọ bọ́ọ̀sì dé Oldham, n ó wá dúró de èkejì tó máa ń dé nígbà tó bá wù ú. Ìyá àgbà kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni mo ń lọ tọ́jú, òun nìkan ló ń gbé ilé rẹ̀. Àwọn carer yòókù, ọmọ ogún ọdún, á já wọlé, wọ́n á ní, "Morning, Edie love." Ara mi á bù máṣọ. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi máa pe ẹni tó tó bí mi lọ́mọ ní Edie? Màmá Edith ni mo pè é láti ọjọ́ kìíní, ó ní kò sí ẹni tó pe òun ní màmá láti ìgbà tí ọmọ òun ti lọ sí ìlú ńlá.

Ní ọjọ́ kìíní yẹn, bí a ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé, òórùn kan gbá mi nímú. Ọmọbìnrin tó fẹ́ fi iṣẹ́ hàn mí fi ọwọ́ bo imú rẹ̀, ó ní, "It's her bucket of wee. It's rank, that. I've reported it." Ó ń pòṣé, èébì sì fẹ́ gbé e. Èmi dúró sójú kan náà. Omijé lé ròrò sí mi lójú, nítorí òórùn ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni mo gbọ́.

Aláró ni ìyá mi, ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ohùn odó ni yóò jí wa: gbì, gbì, gbì, wọ́n ń gún ewé èlú. Wọ́n á ṣù ú ní róbótó róbótó bí àkàrà, wọ́n á sá a sóòrùn. Lẹ́yìn èyí ni omi eérú, tí yóò máa kán láti inú ìkòkò òkè sínú ti ìsàlẹ̀, tó, tó, tó, láti àárọ̀ di alẹ́. Èmi ni mo ń ṣọ́ ọ, bí mo bá sì sùn lọ, ìkúùkù ni yóò jí mi. Nígbà tí èlú bá ti wọ inú omi eérú tó ti jókòó bí ọjọ́ mélòó kan, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìyá mi á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á dijú, á ní, "Ó ku ọ̀la." Ahọ́n ló fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí i báyìí, ẹ ó pe ambulance.

Aṣọ tó bá wọ inú aró lẹ́ẹ̀kan tó jáde, a kì í pè é ní búlúù nílé wa. Àyìnrín ni. Bó bá wọlé, tó jáde, tó tún wọlé títí ọwọ́ fi ro wá, tó dúdú tó ń dán bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù, ẹtù náà ni orúkọ rẹ̀. Òwú tí wọ́n fi ń hun ẹtù, ìyá mi ló ń pa á láró fún àwọn ahunṣọ. Bí oníbàárà bá wá ní òun fẹ́ àyìnrín, tí a bá gbé èyí tó fi ẹ̀ẹ̀kan péré wọ inú aró jù ú lọ fún un, ilé á gbóná. Ojú ènìyàn mú nígbà yẹn. Lónìí, ẹ wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí ní ìfọ̀ kan, ẹ kò mọ ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́, ẹ kò mọ ìlú tó ti wá, ìgbà tó bá sì di oṣù kẹta, ẹ ti jù ú nù. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò tilẹ̀ jẹ́ kí aṣọ kankan pẹ́ tó àkísà.

Mo ti yà kúrò lọ́nà. Ẹ jẹ́ n padà sí Dobcross.

Mo sọ fún Màmá Edith pé mo mọ òórùn yẹn. Ó gbé ojú sókè wò mí. Ó ní lant ni orúkọ rẹ̀, ìtọ̀ tó ti pẹ́. Pé nígbà ìyá ìyá òun, ilé kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ti wọn sẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan á wá fi kẹ̀kẹ́ kó o lọ fún àwọn tó ń fọ irun àgùntàn. Òun ń lò ó fún woad, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró nílẹ̀ wọn kí èlú tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọgbà kékeré wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, mẹ́ta ni ohun tó gbìn síbẹ̀: woad yìí, àti weld tó ń mú nǹkan pọ́n rúsúrúsú, àti madder tí gbòǹgbò rẹ̀ ń sọ omi di pupa. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, tí mo fún un ní oògùn rẹ̀, tí mo kọ ohun tí mo ṣe sínú ìwé agency, ọgbà yẹn ni à ń lọ. Ó ń jókòó sórí àga, ó ń fi ọ̀pá júwe, èmi ń tu ilẹ̀.

Orúkọ kún ẹnu rẹ̀. Kò sí ohun tó jẹ́ purple lójú rẹ̀. Murrey ni, àwọ̀ èso mulberry tó ti pọ́n kọjá ààlà. Kò sí light blue. Watchet ni. Puce, ó ní àwọ̀ kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára ajá ni, tó bá ti yó. A rẹ́rìn-ín títí tíì fi tutù lọ́wọ́ wa. Èso dúdú wínníwínní tó ń hù lórí òkè, tó ń pa ètè láró, whimberry. Ẹyẹ tó ní ìyẹ́ gígùn lórí, tó ń ké nínú pápá bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, tewit. Èmi náà á sọ tiwa fún un, àyìnrín, ẹtù, sányán, àlàárì, á máa pè wọ́n tẹ̀lé mi, ohùn rẹ̀ á máa gun òkè níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ṣe èyí. N kò ní ọ̀rẹ́ tó tó o ní gbogbo ìlú yìí.

Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ tí mo fi ń rẹ́rìn-ín títí di òní. Mo ti ọwọ́ bọ inú woad láìwọ ìbọ̀wọ́, ọwọ́ mi méjèèjì di aró dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì ṣeé fọ̀. Ọjọ́ kejì jẹ́ Sunday. Mo gbé ọwọ́ sókè nígbà ìyìn, arábìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ èdè ẹ̀mí. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti fà mí lọ síwájú, ènìyàn méje gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń lé ohun tó ń pa ẹ̀jẹ̀ mi dúdú. Mo ní aró ni, kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tí àwọ̀ náà ṣí ní Sunday kejì, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí, mo sì jẹ́rìí, kí n má baà dójú tì wọ́n.

Ẹ kíyè sí ìyẹn o. Kí n má baà dójú tì wọ́n. Ìwà yẹn kan náà ló ṣe mí.

Ẹ mọ Báyọ̀, díákónì wa. Ìyá rẹ̀ àti èmi la jọ gbé Moss Side nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí. Èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n bí ìyá rẹ̀ bá lọ ṣe cleaning. Ó kàwé, ó jáde, ó gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń yẹ àwọn àgbà wò, bóyá orí wọn ṣì pé tó láti dá gbé. Ìyá rẹ̀ jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ tó dúpẹ́ iṣẹ́ náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí agency sọ fún mi pé ẹnì kan ń bọ̀ wá yẹ Màmá Edith wò, nítorí pé ọmọ rẹ̀, Alan, ló ní kí wọ́n wá. Alan yìí, London ló ń gbé, Kérésìmesì nìkan la ń rí i. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ sí ilé àwọn arúgbó, kí ilé náà ṣeé tà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí ìyá rẹ̀ pé, kò lè rí i ṣe. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kò pé mọ́, ó bùṣe.

Bí ilẹ̀kùn ti ṣí, Báyọ̀ ni mo rí. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti ìwé lọ́wọ́. "Ẹ káàsán, Mummy." Inú mi dùn. Alan ti káwọ́ gbera sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń wo àwa méjèèjì bí ẹni pé a fẹ́ jọ jí nǹkan kó.

Báyọ̀ jókòó. Ó fi ọwọ́ kan bùláńkẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá náà, ó ní kí ni àwọ̀ rẹ̀.

"Murrey," ni Màmá Edith wí.

Ó gbé kọ́ọ̀bù sókè. "And this one?"

"Watchet."

Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé, ó bi í pé kí ló wà nínú pápá lọ́hùn-ún. Ó ní, "Tewits. Two on 'em." Ó bi í pé kí ló ti ṣe láti àárọ̀. Ó ní, "I've seen to my lant. It wants another week." Báyọ̀ ní kí ni lant. Màmá Edith dá a lóhùn láìfi bò, pé ìtọ̀ òun ni, ó wà nínú garawa lẹ́yìn ilé. Alan mí kanlẹ̀. Bírò Báyọ̀ ń lọ lórí ìwé, mo sì lè ka ohun tó ń kọ láti ibi tí mo dúró sí: kò mọ àwọ̀ mọ́, ó ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ń tọ́jú ìtọ̀ pamọ́ sínú ilé.

Kò sí èyí tí ìyá náà kò gbà nínú gbogbo ìbéèrè náà. Ìdáhùn rẹ̀ péye ju ìbéèrè lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yẹn.

Báyọ̀ yí sí mi, ó fi Yorùbá bi mí. "Mummy, ṣé bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyí? They're not making sense, àbí?"

Màmá Edith náà wò mí. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ tí mo pọ̀n ni, ọ̀sẹ̀ kìíní rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni, òyìnbó tó ń fojú burúkú wò wá sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá ní, "Báyọ̀, ìwọ ni o kò mọ̀," lójú Alan, mo ti fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba mi. Mo ní lọ́kàn ara mi pé n ó pè é sẹ́yìn, n ó ṣàlàyé fún un ní kọ̀rọ̀, bí a ti í ṣe fún ọmọ ẹni. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jẹ́ n lọ po tíì fún yín."

Nígbà tí mo gbé tíì dé, ó ti pa ìwé dé.

Ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi padà sí Longsight. Mo ní, "Báyọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ..." Ó ní, "Mummy, ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀rù bà mí, seriously, ọkùnrin yẹn kàn ń wò mí. Ẹ ò dójú tì mí." Ó tan orin ìyìn. Mo gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo sì tún gbé e mì ní ọjọ́ kejì, àti ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà o. Ojú mi ni orí ṣe wọ́.

Wọ́n kó Màmá Edith lọ. Ilé tí wọ́n kó o sí mọ́ tónítóní, ìmọ́tótó rẹ̀ sì ń rí mi lára ju garawa ìtọ̀ ọgọ́rùn-ún lọ. Ògiri, àga, aṣọ fèrèsé, ọbẹ̀ inú àwo pàápàá, gbogbo rẹ̀ rí bí omidùn ògì. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí ènìyàn lè fún lórúkọ. Àwọn ọmọ náà ń pè é ní Edie, wọ́n ń pariwo sí i létí bí ẹni pé adití ni. Nígbà tí mo lọ kí i lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá.

Nígbà kẹta, mo ró ẹtù yìí, èyí tí ìyá mi pa òwú rẹ̀ láró. Ó nawọ́ sí i. Ó fi àtàǹpàkò ra á títí. Ó ní, "Ẹtù," ohùn rẹ̀ sì gun òkè níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀, bí ti àtijọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ sọ fún mi pé, "Gbogbo rẹ̀ ni o mọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ́ ọ. O sì dìde, o lọ po tíì." Inú kò bí i. Bí inú bá bí i ni, ì bá sàn fún mi. Oṣù yẹn kò parí tó fi kú.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Alan ta ilé náà. Mo wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ti da kọnkéré bo woad, wọ́n bo madder, mọ́tò funfun kan gúnlẹ̀ sórí gbogbo rẹ̀. Obìnrin kan yọjú, ó bi mí bóyá mo sọnù. Mo fẹ́ bì sórí kọnkéré náà. Kì í ṣe òun ló rí mi lára, kì í sì í ṣe Alan. Bí mo ti ń bínú sí fóònù Bísí láti àárọ̀ yìí, ara mi ni mo ń rí lára. Fóònù kò mọ nǹkan kan, ó sì sọ̀rọ̀. Èmi mọ̀ ọ́n, mo panu mọ́. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Báyọ̀ kò mọ̀ títí di òní.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé mo gbé ẹ̀wà kaná lóṣù tó kọjá, mo sùn lọ, ìkòkò sì jó. Ìyá yín fi ẹjọ́ mi sun dókítà. Ní Tuesday, wọ́n ń bọ̀ wá yẹ èmi náà wò. Ìyá yín á wà níbi iṣẹ́, Bísí ló máa jókòó tì mí. Gẹ̀ẹ́sì mi ti ń sá lọ báyìí bí ó bá rẹ̀ mí, ti ilé wa ló máa ń kù lẹ́nu mi. Mo sì fẹ́ kú sínú ilé yìí ní Longsight, níbi tí ata mi wà lójú fèrèsé.

Bísí, súnmọ́ mi. Kí ni àwọ̀ aṣọ tí mo ró yìí?

"Blue, Grandma."

Tún un wò.

"Dark blue? Ẹ má bínú, I don't know what you want me to say."

Ẹtù ni. Ẹyẹ ni. Èyí tí mo wé sórí, àyìnrín. Pè é. Tún un pè. Ó dáa, ohùn rẹ ń gun òkè, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo sì fẹ́ràn ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ní Tuesday, bí mo bá dá wọn lóhùn tí wọn kò gbọ́ ọ, tí ẹni tó mú bírò lọ́wọ́ bá yí sí ọ, ì báà jẹ́ àlejò, ì báà jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tí mo pọ̀n lẹ́yìn, sọ fún un pé mo gbà á, pé ìdáhùn mi tọ́, kí o sì sọ ohun tí mo wí fún un. Ojú lè tì ọ́. Ojú lè ti òun náà. Jẹ́ kó tì yín. Èmi fúnra mi ni n ó po tíì kí wọ́n tó dé, n ó dà á sínú flask, n ó gbé e sórí tábìlì. Má dìde.